Olóyún oṣù kẹjọ: báwo ni yóò ṣe máa kírun?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, Aafa. Àsàláámù aláékúmù. Kàbbà ni mò ń gbé, oyún mi sì ti wọ oṣù kẹjọ. Bí mo bá forí kanlẹ̀, òòyì máa ń kọ́ mi nígbà tí mo bá fẹ́ dìde. Ìtọ̀ máa ń já lára mi bí mo bá wúkọ́, ọwọ́ mi kò sì dé ẹsẹ̀ mọ́ láti ṣe àlùwàlá. Ìyá ọkọ mi ní kí n dáwọ́ ìrun dúró títí n ó fi bímọ, nítorí pé ìforíkanlẹ̀ lè yí ọmọ padà nínú. Ṣé òótọ́ ni? Ààwẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá sì rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wàláékúmù sàlámù. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, arábìnrin wa. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ t'ọmọ.

Ìyá ọkọ yín fẹ́ ire fún yín, ẹ má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìrun kò bọ́ lọ́rùn olóyún. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù àti ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ló ń dá ìrun obìnrin dúró. Oyún kò sí lára wọn. Bí a ṣe ń kí i ni Ọlọ́run fi ìrọ̀rùn sí. Ìforíkanlẹ̀ kì í yí ọmọ padà. Inú omi ni ọmọ wà nínú ilé ọmọ, omi yẹn ló ń gbà á sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì ti dorí kodò fúnra wọn kí oṣù kẹsàn-án tó parí.

Ìmúrànì ọmọ Huṣáínì, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú, bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bí òun yóò ṣe máa kírun. Èsì tó gbà, gẹ́gẹ́ bí Bùhárì, olùkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì, ṣe gbà á wá, ni pé: kí i ní ìdúró, bí o kò bá lè ṣe é, kí i ní ìjókòó, bí o kò bá lè ṣe é, fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Lójú ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì tí àwa níbí ń tẹ̀ lé, ìdúró tí a fara ti ògiri tàbí ọ̀pá ṣíwájú ìjókòó. Ẹ má tètè sá sórí àga. Ẹni tó bá lè dúró wọn gààrí fún oníbàárà lè dúró ka Fàtíhà.

Ìforíkanlẹ̀ gan-an ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí: ẹ ya orúnkún yín kọjá ìbú èjìká kí ikùn lè sọ̀ sáàárín wọn. Bí ẹ bá gbé orí sókè, ẹ jókòó, ẹ mí bí ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ẹ wá fi ọwọ́ di àga tàbí ògiri mú kí ẹ tó dìde. Ìdìde òjijì ló ń fa òòyì, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè dé orí, ìṣubú olóyún sì léwu. Ẹ má forí kanlẹ̀ lórí oúnjẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Ilé ọmọ ti ti àpòlúkù sókè, omi kíkan yóò sì yọ wá sí ọ̀nà ọ̀fun.

Bí kò bá ṣeé ṣe síbẹ̀, ẹ dúró ka Fàtíhà àti súrà, ẹ tẹ̀ fún rúkúù ní ìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó, kí ẹ tẹrí ba fún sùjúdù (ìforíkanlẹ̀) láti orí ìjókòó. Ẹni tí kò lè dúró rárá yóò jókòó ká ẹsẹ̀ dípò ìdúró, yóò sì jẹ́ kí títẹ̀ sùjúdù rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹ má gbé ìrọ̀rí sókè fi kan iwájú orí. Ànábì rí aláìsàn kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó gba ìrọ̀rí náà sọnù, ó ní kó forí kan ilẹ̀ bó bá lè ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi orí júwe.

Bó bá di ìdùbúlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ṣíwájú, kí ojú kọ Kíbíláà. Ní ẹkùn wa, ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá ni, nítorí náà orí yín yóò wà ní ìhà gúúsù, ẹsẹ̀ ní ìhà àríwá. Bí ẹ̀gbẹ́ òsì bá rọ̀ yín lọ́rùn jù, ẹ yí orí sí àríwá, ojú yóò ṣì kọ ibi kan náà. Ẹ̀yìn ni kí ẹ má fi lélẹ̀: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, ilé ọmọ máa ń tẹ iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì yóò kọ́ ìyá, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ yóò sì dín kù. Ẹ̀san yín kò dín. Ìdajì ẹ̀san tí ẹ ń gbọ́ wà fún ẹni tó lè dúró tó jókòó kí nọ́fílà, ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Ti àlùwàlá: ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, kí ọkọ tàbí àbúrò yín da omi kí ó sì fọ ẹsẹ̀ yín. Àníyàn tiyín ni, ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ní ti ìtọ̀, orí ọmọ ló ń tẹ àpò ìtọ̀. Bó bá jẹ́ ìgbà ikọ́ tàbí ẹ̀rín nìkan ló ń já, ó ba àlùwàlá jẹ́, ẹ fọ ara, ẹ tún un ṣe. Bó bá ń já ju ìdajì àkókò ìrun lọ, kò bà á jẹ́ lójú ọ̀nà Màlíkì. Síbẹ̀, ó dára kí ẹ dúró kí àkókò wọlé, kí ẹ fọ ara, kí ẹ fi páàdì tàbí aṣọ mímọ́ dí i, kí ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ sì kírun lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè mú kí ìrọbí dé ṣáájú àkókò.

Ẹni tí àlùwàlá ń ni lára lè sún Àìlà sí ìparí àkókò rẹ̀, kó kí i, kí Àlàásárì wọlé, kó kí òun náà pẹ̀lú àlùwàlá kan. Níbí, kì í jìnnà sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ààwẹ̀ kò gùn lẹ́nu. Olóyún tó bá bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Bí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ bá sọ pé yóò pa yín lára, kò tọ́ kí ẹ gbà á. Nínú ooru àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wa, bí ìtọ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí inú bá ń ṣù léraléra, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Gbèsè ọjọ́ náà nìkan ni ẹ ó san. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ni Màlíkì ní kó fi oúnjẹ kún un, ìkúnwọ́ méjèèjì kan fún tálákà lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá jẹ́ nítorí ọmọ ló ṣe jẹun.

Ẹ̀jẹ̀ wàyí. Ẹ má jókòó de Aafa. Ẹ̀jẹ̀ ní oṣù keje sókè, bí kò tilẹ̀ dunni, lè jẹ́ pé ibi ọmọ ló dí ẹnu ilé ọmọ tàbí pé ó ti ń ṣí kúrò. Ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, ní òru pàápàá. Bákan náà ni orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú tàbí ojú wíwú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sábà ń sọ. Bí ìyírapadà ọmọ bá dín kù, ẹ má gba ẹni tó ní ọmọ máa ń dákẹ́ bí ìbí bá sún mọ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ní ti ìrun, àwọn onímọ̀ Màlíkì ka ẹ̀jẹ̀ olóyún sí nǹkan oṣù, kò ní kírun. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà Hánáfì àti Hánbálì ní ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni, yóò máa kírun. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ìrọbí wá, àwọn onímọ̀ tiwa jiyàn lórí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá pè é, ẹ kò ní kírun.

Omi yàtọ̀. Omi tó bá já láìsí ẹ̀jẹ̀ ba àlùwàlá jẹ́, kò dá ìrun dúró. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ kírun bí ẹ bá ti lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ àwọ̀ rẹ̀; aláwọ̀ ewé tàbí èyí tó ń rùn kò ṣeé dúró wò. Bí ìrọbí bá le tí ọwọ́ kò kan omi, táyámọ́mù, fífi ilẹ̀ mímọ́ ṣe àlùwàlá, wà. Ìrun tó bá bọ́ nínú ìrọbí láìsí ẹ̀jẹ̀, ẹ ó san án padà. Èyí tó bọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, kò sí sísan.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dá ni ìwẹ̀, kódà bó jẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má dúró de ogójì ọjọ́. Èyí tó pẹ́ jù lójú ọ̀nà Màlíkì ni ọjọ́ 60. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ, tí dókítà ní kí omi má kan ojú ọgbẹ́, ẹ wẹ gbogbo ara yòókù, kí ẹ fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì.