Ẹ má po tékàwéè mọ́ bẹntiróò nítorí kíìtì dádì yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Iléṣà ni mò ń gbé. Nígbà tá à ń palẹ̀ yàrá dádì wa tó ti dolóògbé mọ́, a rí páálí Airfix kan, kíìtì ike tí wọ́n ń tò di ọkọ̀ òfúrufú kékeré, Fokker Friendship ni, 1/72 (ìyẹn ni pé wọ́n pín gígùn ọkọ̀ gidi sọ́nà 72). Lọ́ńdọ̀nù ló ti rà á nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, kò sì tò ó rí, ó kàn máa ń sọ fún mi ní kékeré pé èmi àti òun la jọ máa tò ó. Gọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ti gan, sítíkà ẹ̀ ti di yẹ́lò. Bọ̀dá kan ládùúgbò ní ike náà ti gbó, pé gọ́ọ̀mù lásán ò lè mú un mọ́, kí n rẹ tékàwéè funfun sínú bẹntiróò, ó máa di gọ́ọ̀mù tó le, tí mi ò bá fẹ́ ìyẹn kí n lo súpà gúlù. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé, àǹtí mi, Ọlọ́run á tẹ́ dádì sí afẹ́fẹ́ rere. Tẹ́ ẹ bá ti rẹ tékàwéè yẹn, ẹ dúró ná. Ẹ bo orí ẹ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé, kó jìnnà sí kíṣíìnì àti jẹnẹrétọ̀, ẹ wá padà wá ka ìyókù.

Iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe ní Lágere, Ifẹ̀ níbí, àwọn ilé kékeré tí àwọn ayàwòrán ilé fi ń han ẹni tó fẹ́ kọ́lé, kíìtì àtijọ́ sì ni mo máa ń tò tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀. Kò sí oṣù tí ẹnì kan ò ní bi mí nípa gọ́ọ̀mù bẹntiróò yìí, inú mi sì máa ń bàjẹ́ gan-an ni, torí àwọn tó ń fi kọ́ èèyàn kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gbiná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "ike ti gbó" kúrò nílẹ̀. Kò gbó. Polystyrene ni wọ́n ń pe ike tí wọ́n fi ṣe kíìtì yẹn, tí oòrùn ò bá ti rí i nínú páálí, ó lè lo 50 ọdún kó ṣì wà bó ṣe wà. Gọ́ọ̀mù inú tíúbù ló gan, torí ohun tó ń jẹ́ kó ṣàn ti fò lọ. Tí nǹkan ò bá lẹ̀ mọ́ ike náà dáadáa, ọ̀rá ló wà lára ẹ̀, èyí tí wọ́n fi pa mọ́ọ̀dì ní ilé iṣẹ́ kí ike má bàa há sínú ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá ọwọ́ àti eruku gbogbo ọdún yẹn. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Omi híhó kọ́ o, ìyẹn máa ká a kò.

Gọ́ọ̀mù kíìtì kì í lẹ nǹkan bí gọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ mọ̀. Ńṣe ló ń yọ́ ike. Ẹ rántí bí wẹ́dà ṣe ń jó irin méjì pọ̀: ojú méjèèjì á rọ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, ohun tó yọ́ wọn á fò lọ, wọ́n á di ẹyọ kan. Kódà epo inú èèpo ọsàn máa ń yọ́ ike yìí, Tamiya ti Jàpáànù ń ta gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irú epo yẹn ṣe, òórùn ọsàn ló sì ń rùn.

Ibi tí bọ̀dá yẹn ti rí òótọ́ díẹ̀ mú nìyẹn, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì léwu. Tékàwéè funfun náà polystyrene ni, afẹ́fẹ́ ni wọ́n kàn fẹ́ sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tì í sínú bẹntiróò ẹ máa rí i tó ń wọlẹ̀ ṣììì, tó ń dà bí ògì tó ki. Èèyàn á rò pé òun ti ṣe gọ́ọ̀mù kíìtì. Rárá o. Oríṣiríṣi epo ló wà nínú bẹntiróò, àwọn kan á fò lọ kíá, àwọn kan á jókòó síbẹ̀, àwọn tó jókòó yẹn ló máa jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á tún fa ìlà wẹ́wẹ́ sára ike, ọ̀dà ò sì ní gbà níbẹ̀. Fokker gidi, apá ẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì jẹ́ mítà 29, ẹ pín in sọ́nà 72, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, òkè ara ọkọ̀ ni apá náà wà, ẹ́ńjìnnì méjì tún so mọ́ ọn, tí ojú ibẹ̀ ò bá le, díẹ̀díẹ̀ ni apá á máa tẹ̀ wálẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù yín.

Ìyẹn ìbàjẹ́ iṣẹ́ nìkan ni. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ tá à ń mí lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè ti yàrá rá dé ibi sítóòfù kẹ́ ẹ má mọ̀. Benzene tún wà nínú ẹ̀, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ lé e lórí fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó máa fà á símú. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi po ó nígbà tí mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, iná lọ, ó ṣáná sí kàńdù, abọ́ náà gbiná, ó ta sí i lápá. Bó ṣe lẹ̀ yẹn náà ló ṣe ń jó, bó ṣe ń gbọn ọwọ́ kò já, ó dà bí oje igi tó ń jó lára èèyàn. Àpá yẹn wà níbẹ̀ dòní, mo sì ń rí i lójoojúmọ́. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sẹ́nikẹ́ni, ẹ pa iná yẹn, ẹ fi omi tútù tó ń ṣàn sórí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi epo, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á.

Súpà gúlù ò léwu tó yẹn, àmọ́ kò yẹ fún ọkọ̀ tó ní wíńdò. Bó ṣe ń gbẹ, nǹkan kan ń jáde lára ẹ̀ tó máa ń funfun bàlà sórí ike tó mọ́ gaara, òun náà ni àwọn ọlọ́pàá fi ń gbé àmì ìka ọwọ́ jáde, gbogbo wíńdò dádì máa ṣú. Fún wíńdò, gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi sí i, tó bá gbẹ kì í hàn.

Fún ìyókù, ẹ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ polystyrene cement sára ẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rí i, èyí tó dà bí omi tó ní búrọ́ọ̀ṣì kékeré nínú ìdérí ló dáa jù. Ẹ pa ojú méjèèjì pọ̀ ná, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ìlà, fúnra ẹ̀ lá máa sá wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó fi sánpépà kàn án. Ẹ ṣí wíńdò ilé yín o, kí aboyún àti ọmọdé má sí nítòsí, kẹ́ ẹ sì dán an wò lára fírémù tí wọ́n so àwọn ẹ̀yà ẹ̀ mọ́ kó tó kan ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Tọ́wọ́ yín ò bá tíì tẹ gọ́ọ̀mù yìí, ẹ dúró dè é, ẹ má lo gọ́ọ̀mù páìpù, ẹ má lo ohun tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, méjèèjì ń jẹ ike kíákíá jù.

Sítíkà: ẹ fi í sínú lailọ́ọ̀nù tó mọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì wíńdò tí oòrùn ń wọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yẹ́lò yẹn á ṣí. Tó bá ti ń fọ́, ẹ fi fáníìṣì tí kò láwọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kẹ́ ẹ tó rì í sómi. Kẹ́ ẹ tó pa ara ọkọ̀ dé, ẹ wo ìwé ẹ̀ bóyá ó ní kẹ́ ẹ fi nǹkan tó wúwo sí imú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ìdí lọkọ̀ máa fi jókòó.

Nigeria Airways náà lo Fokker Friendship, bóyá ìdí tí dádì fi mú un nìyẹn. Iléṣà sí Ifẹ̀ ò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ gbé páálí yẹn dání, ẹ má tíì gé nǹkan kan kúrò lára fírémù, màá jẹ́ kẹ́ ẹ lo gọ́ọ̀mù mi, màá di ara ọkọ̀ mú fún yín, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lẹ apá ẹ̀.