Àsìkò Lightning Lane Wa Ńkọ́ Tá A Bá Pẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta ń lọ ṣeré ní Walt Disney World ní Florida. A ti ra Lightning Lane Multi Pass, ìyẹn àǹfààní tí wọ́n ń sanwó fún kéèyàn lè gba ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ kúrú, wọ́n sì fún wa ní aago 2 sí aago 3 ọ̀sán ní Space Mountain, ọkọ̀ ìṣeré kan nínú ọgbà Magic Kingdom. Àmọ́ EPCOT, ọgbà mìíràn níbẹ̀, la ti fẹ́ jẹun ní aago 12. Tá a bá tètè dé, ṣé wọ́n á jẹ́ ká wọlé? Tá a bá pẹ́ ńkọ́, ṣé owó wa gbé nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, mà. Oúnjẹ EPCOT yẹn ló ń kọ mí lóminú jù, màá dé orí ẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fi tíkẹ́ẹ̀tì tàbí MagicBand (ẹ̀gbà ọwọ́ Disney tó ń ṣiṣẹ́ bíi tíkẹ́ẹ̀tì) kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀. Bí gbogbo yín bá kan án ní 2:55, kò séwu, kódà kí aago 3 ti lù kó tó kàn yín.

Ẹ̀rọ náà sábà máa ń gba èèyàn láti bí ìṣẹ́jú 5 ṣáájú, ó sì máa ń fara da nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn. Àṣà ni o, kì í ṣe ìlérí. Wọ́n lè yí i padà nígbàkigbà. Ẹ má ṣe gbé ètò yín lé e.

Ẹni tó ti lọ síbẹ̀ tipẹ́ lè sọ pé kò sí wàhálà, pé ẹ lè lọ ní ìrọ̀lẹ́. Kò parọ́. Láti ọdún 1999 tí FASTPASS oníwèé, èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú Lightning Lane, ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sábà dá ẹni tó pẹ́ padà. Àmọ́ oṣù March 2012 ni wọ́n jáwọ́ nínú gbígba ẹni tó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀nà. Láti EPCOT, ẹ máa wọ monorail (ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí irin kan ṣoṣo) dé ibùdó ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Transportation and Ticket Center, ẹ máa bọ́ sílẹ̀, ẹ máa wọ monorail mìíràn tàbí ọkọ̀ ojú omi sọdá adágún. Ẹ máa gba géètì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn dé Tomorrowland, apá ibi tí Space Mountain wà, nìyẹn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí ọ̀kan á fẹ́ tọ̀ lójú ọ̀nà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún ìdílé. Bí wọ́n bá pẹ́ gbé oúnjẹ wá, aago 3 á ti fẹ́ lù kẹ́ ẹ tó dé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó jókòó jẹun, ẹ ṣí áàpù My Disney Experience, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àyè wà ní aago 4 tàbí 5, kẹ́ ẹ sì sún un síbẹ̀. Kí àsìkò náà tó kọjá lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe é.

Bó bá ti kọjá, ẹ bá òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ sọ ohun tó dá yín dúró. Ó láṣẹ láti jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, bí kò tiẹ̀ pọn dandan fún un. Bó bá jẹ́ pé Space Mountain ló bà jẹ́ láàárín aago 2 sí 3, ìyẹn yàtọ̀: áàpù á sọ ọ́ di èyí tẹ́ ẹ lè lò lọ́jọ́ náà tó bá ti ṣí padà, tàbí níbòmíì tí wọ́n bá kọ síbẹ̀.