Ìyá Ìbejì, ara ògiri ni kí ẹ máa wò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka ìbéèrè yín: Táíwò ti pé ọmọ ọdún 11, apá ọ̀tún iwájú ló ń gbá nínú họ́kì orí yìnyín ní Calgary, góòlù ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá, ó sì ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ fi jẹun nìyẹn. Bàbá wọn ní ìwé ni kó gbájú mọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá iṣẹ́ gidi ni.

Iṣẹ́ gidi ni. Ọmọ mi ṣe é, apá ọ̀tún yẹn kan náà, láti Edmonton níbí dé líìgì àwọn ọ̀dọ́, dé líìgì kékeré tí wọ́n ti ń gbowó ní Amẹ́ríkà, kó tó parí rẹ̀ sí Yúróòpù. Kò dé NHL, líìgì họ́kì tó ga jù. Èmi ni mo ń wakọ̀ láàárọ̀ kùtù, èmi ni mo ń sanwó, èmi náà ni mo jókòó tì í nílé ìwòsàn nígbà tí èjìká rẹ̀ yẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ góòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọmọ ọdún 11, ọmọ tó bá tètè ga, tó sì mọ sìkéètì í sá, á jẹ góòlù. Nígbà tó bá fi máa pé 16, gbogbo àwọn tó máa bá lórí yìnyín ló ti jẹ́ ọba góòlù ládùúgbò tiwọn rí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣa winger, ìyẹn ará iwájú tó ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti Táíwò, lẹ́ṣà nígbà yẹn ni ara ògiri, ìyẹn pákó tó yí yìnyín ká. Bí àwọn alátakò bá ká ikọ̀ yín mọ́ iwájú ilé góòlù yín, ará ẹ̀yìn á gbá puck, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, gba ara ògiri jáde. Winger ló gbọ́dọ̀ gbà á níbẹ̀, pẹ̀lú géńdé kan tó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Bó bá gbé e jáde, kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́. Bó bá sọ ọ́ nù, puck padà sẹ́nu ilé nìyẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ò sì ní gbàgbé. Lọ́dún tí ọmọ mi jẹ góòlù jù, àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ kiri fún àwọn ikọ̀ ńlá wá, wọ́n wò ó, wọ́n lọ. Ọ̀kan nínú wọn là á yé mi níbi tí a ti ń ra kọfí: ó ní ọwọ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ àárín ló máa ń dúró sí de puck, kì í lọ jà á gbà létí ògiri.

Ẹ wo góòlù tí Canada fi gba wúrà Olympic ní Vancouver lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2010. Orúkọ Crosby tó jẹ ẹ́ ni gbogbo ayé ń pè. Ẹ wo ẹni tó gbé puck fún un: Jarome Iginla ni, létí ògiri, wọ́n ń gbé e ṣubú lọ́wọ́, síbẹ̀ puck ti kúrò lọ́pá rẹ̀ kó tó balẹ̀. Ọmọ bàbá Yorùbá ni, Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀. Òun kan náà ló jẹ góòlù 52 ní sáà 2001 sí 2002, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ tó o nínú NHL lọ́dún náà. Ìdíje 1,554 ló gbá, góòlù 625 ló jẹ. Stanley Cup, ife tí aborí NHL ń gbà, ńkọ́? Kò gbà á rí. Lọ́dún 2004 tó jẹ́ balógun ikọ̀ Calgary, Tampa Bay na wọ́n nínú ìdíje keje, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Ó wọ aṣọ Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles lẹ́yìn náà, pàbó ni. Kí Táíwò mọ èyí láti ìsinsìnyí.

Ẹ má sì fi Iginla nìkan wọn ọ̀rọ̀ yìí. Akim Aliu, Okene ni wọ́n bí i sí, iwájú lòun náà ń gbá. Nígbà tí àwọn ikọ̀ NHL ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2007, Chicago mú un ní ipò 56, àmọ́ ìdíje 7 péré ló gbá nínú NHL. Lọ́dún 2019 ló sọ síta pé akọ́nimọ̀ọ́gbá òun ní Rockford, níbi tí ikọ̀ kejì Chicago wà, bú òun nítorí àwọ̀ òun. Calgary yín níbẹ̀ ni ọkùnrin yẹn wà nígbà náà, ó sì fipò sílẹ̀. Abẹ́ ẹni tí ọmọ bá bọ́ sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tèmi náà nínú yàrá ìmúra ní ìlú kan, ó sì pẹ́ kó tó sọ fún mi. Ẹ máa bi Táíwò léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá yẹn, kì í ṣe iye góòlù nìkan.

Owó wá ńkọ́? Ikọ̀ 32 ló wà nínú NHL, ará iwájú 12 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ lálẹ́ ìdíje. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ tuntun 224 ni àwọn ikọ̀ náà ń yàn lọ́dọọdún, wọn ò mú tèmi. Ẹni tó kéré jù ní NHL ní sáà 2025 sí 2026 ń gba 775,000 dọ́là; ní ECHL, ọ̀kan nínú àwọn líìgì kékeré tí wọ́n ti ń gbowó, owó ọ̀sẹ̀ ni, kò tó nǹkan, ikọ̀ á fún ọ níbi tí o máa sùn. Ẹlòmíì ń bọ́ láti òkè sísàlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, owó rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó mú ọmọ mi pẹ́ níbẹ̀ ni pé ó gbà láti ṣiṣẹ́ tí àwọn ọlọ́wọ́ góòlù kì í fẹ́: bí wọ́n bá lé ẹnì kan nínú ikọ̀ rẹ̀ jáde fún ìṣẹ́jú méjì, òun ni wọ́n ń rán wọlé, á fi ẹsẹ̀ àti ìhà dí puck. Bíi ìṣẹ́jú àáyá 45, ó ti padà sórí bẹ́ńṣì. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn títí èjìká fi ní ó tó.

Bàbá wọn kò jẹ̀bi, ẹ má bá wọn jà. Tí Táíwò bá dé WHL, líìgì ńlá àwọn ọ̀dọ́ ní apá ìwọ̀-oòrùn níbí, sáà kan tó bá gbá, líìgì á san owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọdún kan fún un. Ẹ ka ìwé àdéhùn yẹn dáadáa, nítorí ẹ̀tọ́ náà ní ìgbà tó ń parí bí ọmọ bá ti lọ gbá fún owó. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹni tó ti gbá nínú WHL lè gbá fún yunifásítì Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Nígbà ti ọmọ mi, ọ̀kan ni o máa mú, o máa fi èkejì sílẹ̀.

Lọ́dún yìí, ẹ má tíì sanwó ikọ̀ ńlá tí wọ́n ń fi lọ̀ yín. Bàtà àlòkù tó bá a lẹ́sẹ̀ mu ti tó. KidSport ń ran òbí lọ́wọ́ lórí owó ìforúkọsílẹ̀ ní Calgary, ẹ bi wọ́n. Ẹ sì kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè báyìí, nítorí ní 16 tàbí 17 ó lè máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní ìlú tí kò ti sí ata. Bí Kẹ́hìndé bá sì lóun náà fẹ́ wọ yìnyín, ẹ ní kó má ṣe gólì, ẹni tó ń ṣọ́ ilé, o, ohun èlò gólì ló wọ́n jù.