Ìròyìn àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí dátábéèsì ti pọ̀ jù, èwo ni kí n mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì, ibi tí ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ìsọfúnni sí. PostgreSQL, irú dátábéèsì kan, ni iṣẹ́ wa dúró lé, àmọ́ MySQL kan, tó jẹ́ irú mìíràn, wà tí mo bá níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Mo ti forúkọ sílẹ̀ láti máa gba ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià wọ̀nyí àti àwọn tó ń ta irinṣẹ́ tó bá wọn lọ, débi pé ìmélì wọn ti bò mí mọ́lẹ̀: ẹ̀yà tuntun ti dé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ wà ní Ọjọ́bọ̀, àpérò ńlá ń bọ̀, ẹ tètè sanwó kó tó lọ sókè. Mi ò kà wọ́n mọ́. Ọ̀gá mi ti wá gbà pé ilé iṣẹ́ yóò san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo fún mi lọ́dún yìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wúlò? Ìròyìn wo ni mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó fò mí?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà ìmélì o. Apá kejì ìbéèrè yín ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìròyìn tó kan òun kò lè mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kí òun lọ kọ́.

Ẹ pa ìmélì tì ná. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ dátábéèsì lọ́dọ̀ yín sínú rẹ̀: sáfà kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀, àwọn extension (àfikún) tí ẹ so mọ́ ọn, driver tí ètò yín fi ń bá a sọ̀rọ̀, títí kan irinṣẹ́ tí ẹ fi ń kọ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ ọ́ láti orí o. Ẹ bi dátábéèsì fúnra rẹ̀: àṣẹ SELECT version() ń jẹ́ lọ́dọ̀ PostgreSQL, ó sì ń jẹ́ lọ́dọ̀ MySQL. Ẹnu lè yà yín. Nọ́ńbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń dárúkọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìwé yìí rèé. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Slammer ya wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ihò ààbò kan nínú SQL Server, dátábéèsì ti Microsoft, ló ń wá kiri. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti wọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ihò náà wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀, Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde láti oṣù keje ọdún 2002. Odidi oṣù mẹ́fà ni ìròyìn fi wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò fi àtúnṣe náà sí i; àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan àwọn, torí MSDE, àbúrò SQL Server, wà nínú sọ́fítíwià mìíràn tí wọ́n rà, wọn ò mọ̀ pé dátábéèsì ń bẹ nínú rẹ̀.

Tí ìwé yín bá ti pé, ẹ kọ ọjọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí àtúnṣe yóò dáwọ́ dúró lórí rẹ̀. PostgreSQL ń gbé ẹ̀yà ńlá kan jáde lọ́dọọdún, ọdún 5 ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà 12, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, gba àtúnṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ti SQL Server máa ń tó ọdún 10. Ẹ̀yà 2014 parí ní oṣù keje ọdún 2024. MySQL 5.7 parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, oṣù kẹrin ọdún 2026 sì ni Oracle, ilé iṣẹ́ tó ni MySQL, dá fún 8.0. Àwọn irinṣẹ́ pẹ̀lú ń kú o. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni Microsoft kéde pé Azure Data Studio, irinṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń kọ SQL, ń kógbá sílé, kí àwọn tó ń lò ó máa kó lọ sórí Visual Studio Code. Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó láti lọ kọ́ ọ lóṣù tó ṣáájú.

Ìròyìn tó ṣe kókó kì í wá lójoojúmọ́, ó ní ìgbà tirẹ̀. Àtúnṣe kéékèèké ti PostgreSQL máa ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù kejì, oṣù karùn-ún, oṣù kẹjọ àti oṣù kọkànlá. Ti Oracle, tí MySQL wà lábẹ́ rẹ̀, máa ń bọ́ sí oṣù kìíní, oṣù kẹrin, oṣù keje àti oṣù kẹwàá. Ẹ kà á, ìgbà mẹ́jọ péré lọ́dún. Ẹ fi wọ́n sí kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ẹ óò kà ní wákàtí yẹn? Release notes, ìwé tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwià náà fi ń sọ ohun tó yí padà. Kì í ṣe àpilẹ̀kọ tí ẹnìkan kọ nípa rẹ̀, kì í ṣe fídíò ohun mẹ́wàá tí ẹ óò fẹ́ràn. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tuntun. Nínú ti ẹ̀yà ńlá PostgreSQL, apá kan wà tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní Migration. Ibẹ̀ ni wọ́n to àwọn ohun tí kò ní ṣe bíi ti àná mọ́ sí. Ti ẹ̀yà 15, fún àpẹẹrẹ, sọ pé nínú dátábéèsì tuntun, kì í ṣe gbogbo aṣàmúlò ló láṣẹ láti dá tébù sílẹ̀ nínú schema public, àyè tí gbogbo wọn jọ ń lò, mọ́. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò gba ẹni tó kà á. Ẹni tí kò kà á lè fi ọ̀sán kan gbáko wádìí ìdí tí ètò rẹ̀ fi ń pariwo "permission denied".

Èyí tó ń pariwo tilẹ̀ ṣì dára. Nígbà tí a gbé iṣẹ́ kan kúrò lórí MySQL 5.7 lọ sórí 8.0, òpó (column) tébù kan tí a sọ ní rank kọ̀ jálẹ̀, torí rank ti di ọ̀rọ̀ tí MySQL fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Kíá la ti rí i. Driver àtijọ́ kan kò lè wọlé mọ́, torí ọ̀nà tí 8.0 ń gbà yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wò ti yí padà. Ìyẹn náà pariwo. Èyí tó dákẹ́ ló ṣe wá léṣe. Ní 5.7, GROUP BY, àṣẹ tó ń kó àwọn ìlà jọ sí ọ̀wọ́, máa ń to èsì lẹ́sẹẹsẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó tò ó. Ní 8.0, wọ́n fòpin sí i: tí ẹ kò bá kọ ORDER BY, àṣẹ tó ń to èsì, bó bá ṣe rí ló máa wá. Kò sí àṣìṣe kankan nínú log, ìwé àkọsílẹ̀ sáfà. Àwọn oníṣirò ló pè wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé ìwé àwọn ti dàrú. Gbogbo iye pé, ipò wọn ló yí padà, ètò kékeré kan tó gbà pé ìlà àkọ́kọ́ ló kéré jù sì ti ń mú ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé tí mo ní kí ẹ máa kà yìí. Èmi fúnra mi ti kà á kọjá, mo ń wá ohun tuntun.

Kíkà ni kí ẹ yára ṣe. Fífi sórí ẹ̀rọ lè dúró díẹ̀. Àtúnṣe PostgreSQL tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2024 yí ohun kan padà nínú ikùn rẹ̀ tí àwọn extension kan gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tó di ọjọ́ 21, wọ́n ti gbé òmíràn jáde láti tún un ṣe. Ẹ rí ìdí tí extension fi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín? Ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde ni mo máa ń fi í sórí ẹ̀rọ ìdánwò, màá wá dúró bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé orí ẹ̀rọ iṣẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ihò tí àwọn olè ti ń gbà wọlé, tí sáfà yín sì wà ní gbangba, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan.

Ó wá ku ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìpolówó ọjà ni púpọ̀ nínú àwọn oníwákàtí kan ọ̀fẹ́ yẹn, mi ò sì bínú sí wọn. Ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ polówó. Ẹ kàn má fi ọjọ́ iṣẹ́ jókòó gbọ́ ọ ni. Ẹ wo àlàyé tí wọ́n kọ: ṣé wọ́n dárúkọ ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ lò? Ṣé wọ́n sọ ìṣòro tí wọ́n fẹ́ tú palẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà máa fọwọ́ yín tẹ nǹkan kan? Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni, àbí ó ń tà á? Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ iwájú dátà nìkan ni wọ́n fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ má sì sanwó fún ohun tí fídíò lè ṣe. FOSDEM, àpérò àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó máa ń wáyé ní Brussels níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í gbowó ìwọlé, wọ́n sì ń gbé fídíò àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ tí Andy Pavlo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Carnegie Mellon nípa ohun tó wà nínú ikùn dátábéèsì wà lórí YouTube. Ó le o, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ ẹni tó mọ bí index, atọ́ka tó ń mú kí wíwá nǹkan yá, ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, ẹ̀yà tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù. SQL tí Chamberlin àti Boyce gbé jáde ní IBM lọ́dún 1974 ni a ṣì ń kọ títí dòní.

Owó ilé iṣẹ́ yín, ẹ ná an sórí ohun tí fídíò ò lè ṣe: kí ẹni tó mọ̀ jù yín lọ jókòó tì yín, kó bá yín wo EXPLAIN ANALYZE yín, àlàyé tí PostgreSQL ń ṣe nípa ọ̀nà tó gbà wá èsì, kó sì bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi rò pé PostgreSQL ń lo index tí ẹ ṣe. Kíláàsì kékeré ló dára jù fún irú èyí. Tó bá jẹ́ àpérò ńlá bíi PGConf.EU, àpérò àwọn onímọ̀ PostgreSQL, tó máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní Yúróòpù, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà ṣáájú rẹ̀. Fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ yẹn lè níye lórí ju àpérò gan-an lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti máa ń wáyé níbi àpérò, nítorí náà ẹ kọ ìbéèrè bíi mẹ́ta dání láti inú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà kúrò nínú ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi han ènìyàn. Àpérò púpọ̀ kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sọ́kàn. Ìtàn bí ẹ ṣe kó MySQL àtijọ́ kan kúrò lójú ọ̀nà tó ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ogún.

Ìwé ẹ̀rí? Tí agbanisíṣẹ́ bá béèrè rẹ̀, ẹ gbà á. Kì í mú kuẹ́rì (ìbéèrè tí a kọ sí dátábéèsì) tó falẹ̀ yá.

Ní tiyín gan-an, MySQL tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn yẹn ló máa pinnu. Tó bá jẹ́ 5.7, ó gbọ́dọ̀ gba 8.0 kọjá kó tó dé 8.4, ẹ̀yà tó dé lẹ́yìn rẹ̀, kò ní lè fò ó. MySQL Shell, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ fi lè tẹ àṣẹ sí MySQL, ní util.checkForServerUpgrade() tí yóò sọ ohun tó lè bàjẹ́ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yálà 5.7 ni o tàbí 8.0, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìgbéga àti dídá bákọ́ọ̀pù padà ni kí ẹ bá ọ̀gá yín sọ lọ́dún yìí, kódà bí ohun tuntun PostgreSQL bá dùn létí jù ú lọ. Tó bá jẹ́ 8.4 ni ẹ bá níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín ṣe yín lóore. Ẹ lọ kọ́ EXPLAIN.

Ẹ bi MySQL yẹn ní nọ́ńbà ẹ̀yà rẹ̀ lónìí. Tí nọ́ńbà tó jáde bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, ẹ má tíì forúkọ sílẹ̀ níbikíbi: ẹ ṣe bákọ́ọ̀pù rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá ó ṣeé dá padà lóòótọ́. Ìmélì tó kù lè dúró de Ọjọ́ Ajé.