Ibi tí ẹ dá fídíò dúró sí ni ìṣòro

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń ṣe lineman (ẹni tó ń dúró sórí ìlà iwájú láti dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù), kàn ń ti alátakò rẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba touchdown, ìyẹn ayò, ni wọ́n bá ju àsíá ìjìyà pé ó ti kọjá ààlà, touchdown wá dòfo. Ẹ tún ní lineman ẹgbẹ́ kejì lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó bá a wí. Mo ti ń ṣe ámpáyà fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ní Texas níbí ó ti pẹ́, kò sì sí àsíá tó gba èébú fún mi tó èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: níbo lẹ dá fídíò náà dúró sí? Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti mú bọ́ọ̀lù ni, ibẹ̀ kọ́ lòfin wà. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, là ń wò. Títí di ìgbà yẹn, ẹ̀yà ara lineman kankan kò gbọ́dọ̀ ju yáàdì 3 lọ sí iwájú imú bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n gbé e sílẹ̀. Kódà bó bá kọjá, tó tún sá padà kí wọ́n tó jù ú, ó ti ṣẹ̀. Pé ó ń ti ènìyàn lọ kì í ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lófuurufú, ó lè máa rìn lọ, kó má ṣáà lọ gbá ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà. Kí bọ́ọ̀lù tó jìnnà tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n jù ú sí, lineman á ti fi yáàdì mélòó kan kún ìrìn rẹ̀. Òun lẹ̀ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yìn ìlà iwájú ẹgbẹ́ tó ń dènà ni èmi máa ń dúró sí, àárín àwọn linebacker (àwọn adènà tó wà lẹ́yìn ìlà náà) gan-an. Kí wọ́n tó snap, ìyẹn kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré, mo ti mú àmì mi. Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní yáàdì 32, ìlà 35 ni ààlà, ìlà tó gba pápá já, ìrọ̀rùn nìyẹn. Bó bá wà ní 33, ààlà di 36, àfi kí n máa fojú wá ìlà wẹ́wẹ́ tó wà fún yáàdì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo gbé ojú lé guard, ọ̀kan nínú àwọn lineman. Láyé àtijọ́, bí guard bá ta síwájú, eré sísá ni. Bó bá fà sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. RPO, eré tí quarterback ti ń yàn bóyá kí wọ́n sáré tàbí kó ju bọ́ọ̀lù, ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Guard á ta síwájú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sáré, quarterback á sì fa bọ́ọ̀lù yọ, á jù ú. Èmi náà tún ń wò bóyá ẹnì kan ń di ẹlòmíràn mú láìtọ́. Bí ẹni tó ń ro àmàlà tó tún ń ṣọ́ ọmọ lójú títì ni. Ìdí nìyí tí n kì í ju àsíá fún ẹsẹ̀ kan tó yọ díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba.

Ní ti lineman ẹgbẹ́ kejì yẹn, ẹ wò ó bóyá bọ́ọ̀lù náà kọjá ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe screen, ìyẹn jíju bọ́ọ̀lù kúkúrú, tí wọ́n mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìlà, lineman lè wà ní yáàdì 10, kò ṣẹ̀ rárá.

Àwọn tó wọ aṣọ nọ́ńbà 50 sí 79 lòfin yìí máa ń mú jù. (Olu Fashanu ọmọ wa, tí òun náà jẹ́ lineman, wọ 74 ní Penn State.) Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ 80 náà lè kó sí i, bí ẹlòmíràn bá dúró sórí ìlà ní ìta rẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni yáàdì 5 láti ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí á gbé ọwọ́ lé orí, gbogbo pápá á sì hó.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Auburn àti Alabama pàdé ní 2013? Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ Chris Davis tó gbé bọ́ọ̀lù sáré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àwa rẹfirí, èyí tó ṣáájú rẹ̀ la máa ń jiyàn lé: Nick Marshall, quarterback Auburn, ṣe bí ẹni fẹ́ sáré, ó wá jù ú fún Sammie Coates, yáàdì 39, ó di 28 sí 28. Àwọn lineman ti ń rìn lọ. Kò sí àsíá. Ní 2015 ìgbìmọ̀ òfin NCAA, àjọ eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, dábàá pé kí yáàdì 3 di 1 bíi ti NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, àmọ́ wọ́n gbé àbá náà tì. Lójú tèmi, 1 ì bá rọrùn fún ojú wa. Àwọn háísúkù Texas náà, òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń lò, nítorí náà ọmọ tó ti ibẹ̀ wá ti mọ yáàdì 3 yìí.

Ẹ má bá ọmọ yín wí jù. Wọ́n ní kó máa tì, ó ń tì. Lọ́pọ̀ ìgbà, quarterback ló di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù, nọ́ńbà lineman la sì máa ń pè. Kó lọ bá kóòṣì rẹ̀ pé, nínú RPO, ìgbà wo gan-an ni bọ́ọ̀lù yẹ kó ti kúrò lọ́wọ́.