Ṣé lóòótọ́ ni pé bẹ́líìtì ọkọ̀ ò wúlò, torí ìdajì àwọn tó kú nínú mọ́tò l'Amẹ́ríkà ló dè é?

Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀ ò jìnnà sóòótọ́. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń kú nínú mọ́tò l'Amẹ́ríkà ló de bẹ́líìtì lóòótọ́, ìdajì yòókù ò dè é, ó wá dà bíi pé kò síyàtọ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni iye àwọn tó ń dè é lápapọ̀, ó lé ní 90 nínú 100. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ wò: ẹni 90 dè é, 10 péré ni ò dè é, síbẹ̀ àwọn 10 yẹn ló kó ìdajì òkú, ewu tiwọn fi nǹkan bí ìlọ́po 9 ju tàwọn tó dè é lọ nìyẹn!

Àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ìlọ́po 9 yẹn fún bẹ́líìtì nìkan o, torí àwọn tí kì í dè é náà ló sábà máa ń mutí wakọ̀, tí wọ́n á tún máa sáré àsápajúdé. NHTSA, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, sọ pé fẹ́ni tó jókòó síwájú ọkọ̀ kékeré, bẹ́líìtì ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí 45 nínú 100, kékeré kọ́ nìyẹn.

Àwọn tí bẹ́líìtì gbà là ò sì lè sí nínú àkọsílẹ̀ òkú láé, torí náà tẹ́nì kan bá ti ń ka òkú nìkan fún yín, ẹ bi í léèrè àwọn tó délé láyọ̀.