Irú RAID (ọ̀nà tí à ń gbà so díìsìkì mélòó kan pọ̀ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan) wo ló máa mú kọ̀ǹpútà ilé yára jù?
Bó bá jẹ́ ìyára nìkan lẹ ń wá, RAID 0 ni. Ó ń pín fáìlì kan sórí díìsìkì méjì, méjèèjì á sì jọ máa kà á pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó fọ́tò àwọn ọmọ yín síbẹ̀ láìní ẹ̀dà mìíràn. RAID 10, tó ń pín fáìlì tó sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, yára, ó sì láàbò, àmọ́ díìsìkì mẹ́rin ló ń gbà, ìdajì àyè wọn lẹ ó sì rí lò. Lójú tèmi, SSD NVMe kan ṣoṣo (díìsìkì ayára tí kò ní ohun tó ń yí nínú) ni kẹ́ ẹ rà: èyí tó dáa lórí PCIe 3.0 (ọ̀nà tí dátà ń gbà kọjá nínú kọ̀ǹpútà) ń ka nǹkan bíi 3,500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, díìsìkì oníyìípo méjì kò lè bá a dé ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò M.2 yín (ibi tí wọ́n ń ki irú SSD bẹ́ẹ̀ bọ̀ nínú kọ̀ǹpútà) gba NVMe. SATA, irú ìsopọ̀ àtijọ́ tó lọ́ra jù ú lọ, nìkan làwọn ihò mìíràn ń gbà.